Àwo Tó Máa Rẹ̀ Kó Tó Dé

Ṣọ́ọ̀bù kan wà létí pápá. Àwo ike pẹlẹbẹ ni wọ́n ń tà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn èèyàn máa ń dúró lókèèrè jù sínú agbọ̀n onírin tí wọ́n so ẹ̀wọ̀n mọ́ lórí. Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ti gba ife nínú eré yìí rí, ife ọ̀hún sì wà lórí káńtà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ti lè fò ó. Káfíńtà kan wọlé, lẹ́búlẹ́bú igi kún irun rẹ̀, pẹ́ńsù wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó ń wẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n ń lépa.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Wo ara ògiri dáadáa. Àwọn tó wà lókè ń sáré, àwọn tàárín ń léfòó, àwọn tìsàlẹ̀ ló ń wọ agbọ̀n. Kí lo fẹ́ kí tìẹ ṣe?"

"Mo fẹ́ èyí tó máa rẹ̀ kó tó dé, mà."

"Kó tó dé ibo?"

"Kó tó dé agbọ̀n. Kó máa lọ dáadáa, kí gbogbo èèyàn rí i pé ó ń lọ lóòótọ́. Nígbà tó bá wá ku díẹ̀, kí nǹkan kan ṣe é."

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Káfíńtà ṣì wà níbẹ̀.

"Ọmọdé lo fẹ́ rà á fún?"

"Rárá, mà. Èmi fúnra mi ni."

"Àbí ajá? Àwọn kan máa ń jù ú fún ajá wọn, wọn kì í fẹ́ kó jìnnà."

"Mi ò lájá, mà."

"Ṣé ara ògiri pálọ̀ lo fẹ́ gbé e kọ́ sí ni?"

"Tó bá jẹ́ ara ògiri ló máa wà, mà, kí ló máa wá rẹ̀ ẹ́?"

Òótọ́ pọ́ńbélé lọ̀rọ̀ náà, ìyẹn gan-an ló sì bí obìnrin náà nínú díẹ̀. Ó fa àga kan síta lẹ́yìn káńtà.

"Jókòó. Ó jọ pé wọn ò kọ́ ẹ ní nǹkan kan kó o tó wá. Ohun méjì ló ń sọ bí àwo ṣe máa fò: mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ṣe é, àti ike tí wọ́n dà sínú mọ́ọ̀dù náà. Ọwọ́ ẹni tó jù ú wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ mi ò ta ọwọ́."

"Mo mọ mọ́ọ̀dù, mà. Irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe búlọ́ọ̀kù."

"Ó fara jọ ọ́. Irin ni. Wọ́n á yọ́ ike sínú ẹ̀, ike á dì, àwo á jáde. Bí inú irin yẹn bá ṣe rí ni etí àwo ṣe máa rí, etí àwo ló sì ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Wo eléyìí." Ó fa àwo pupa kan yọ. "Etí ẹ̀ fẹ̀, ó sì mú. Tí apá bá gbé e, ó ti kọjá igi ọ̀ọ́kán yẹn lọ."

"Eléyìí yára jù fún mi, mà."

"Ó yára jù kẹ̀? Torí ìyára ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń rà á."

"Tó bá wá kọjá wọn ńkọ́?"

"Kọjá àwọn wo?"

Káfíńtà wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó wo ife tó wà lórí káńtà.

"Àwọn igi, mà."

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù dá àwo pupa padà, kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó mú òmíràn.

"Ó dáa. Tí ìyára bá ń bà ẹ́ lẹ́rù, eléyìí ńkọ́? Etí ẹ̀ nípọn, kò mú rárá. Kì í sáré, kì í yà síbì kankan. Ibi tó o bá dojú ẹ̀ kọ ló ń lọ. Irú ẹ̀ ni mo fi gba ife yìí."

"Ibẹ̀ ni wàhálà wà, mà."

"Wàhálà ibo?"

"Pé ibi tí mo bá dojú ẹ̀ kọ ló ń lọ. Ojú mi kì í tàsé. Mo lè kan ìṣó láì wò ó."

"Ṣé ará ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ni ẹ́? Àwọn ló rán ẹ wá kó o wá bà mí lọ́kàn jẹ́?"

"Ẹ má bínú, mà. Ojúlówó oníbàárà ni mí. Ìkọ́ tó ṣófo yẹn ńkọ́, kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

Inú obìnrin náà rọ̀. Ó jọ pé ó ti ń dúró de ẹni tó máa bi í.

"Háà, ìyẹn. Èyí tó ń lọ tààrà jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù yìí ni. Obìnrin kan ló wá mú un láàárọ̀ yìí. Ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, ó jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ̀wọ̀n dún, ó ní òun ti rí èyí tí òun fẹ́. Kò tiẹ̀ gba ọ̀rá. Oníbàárà nìyẹn. Ká ní gbogbo yín rí bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá má gbó."

"Inú mi dùn pé wọ́n ti gbé e lọ, mà. Kò bá má wúlò fún mi."

"Kí ló wá wúlò fún ẹ nínú ayé yìí?"

"Ẹ sọ èyí tó ní àbùkù fún mi."

Kò sí ọlọ́jà tí wọ́n máa ń bi ní irú ìyẹn. Obìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ àṣírí ẹbí. Ó tọ́ka sí àwo aláwọ̀ ewé kan tí eruku ti bò.

"Mi ò ní parọ́ fún ẹ. Eléyìí, ike lásán ni."

Ojú káfíńtà là. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ káńtà.

"Báwo ló ṣe jẹ́ lásán, mà?"

"Ó dì mọ́ ọwọ́ dáadáa, ìyẹn la fi ń yìn ín. Àmọ́ kò lágbára. Nígbà tó bá wà ní tuntun, á lọ, á sì rọra yà sósì níparí, bó ṣe yẹ kí àwo ṣe fún ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú. Tó bá ti gbá igi mélòó kan, etí ẹ̀ á wó. Tétí ẹ̀ bá wó, kò ní mọ ọ̀nà ilé mọ́, á kàn máa yà sọ́tùn-ún."

"Ẹ máa bá a lọ, mà."

"Bí mo ṣe ń bú u ni inú ẹ ń dùn?"

"Báwo ló ṣe máa ń pẹ́ tó kó tó gbó?"

"Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ tó o bá tọ́jú ẹ̀."

"Tí mi ò bá tọ́jú ẹ̀ ńkọ́? Tí mo bá ń gbá a mọ́ igi láti òní, ṣé ó lè gbó kó tó di Sátidé?"

"Kí lo fẹ́ fi àwo gbígbó ṣe ní Sátidé?"

Káfíńtà ti mú àwo aláwọ̀ ewé náà, ó ń fi àtàǹpàkò yẹ etí rẹ̀ wò bí ẹni tó ń yẹ pákó wò. Ó ti ọwọ́ kejì bọ àpò, ó sì fa nǹkan kan yọ.

"Kí nìyẹn?"

"Sáńpépà ni, mà. Kò ní pẹ́ rárá. Mo kàn fẹ́ fá etí ẹ̀ díẹ̀ ni, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa yọ igi lẹ́nu."

"Gbé e sílẹ̀."

"Díẹ̀ báyìí ni, mà."

"Mo ní kó o gbé e sílẹ̀." Ó já àwo náà gbà, ó gbé e sàyà bí ọmọ ọwọ́. "Wọn kì í fá àwo. Ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó fá àwo kó lè yí bó ṣe ń fò padà, wọ́n á lé e kúrò lórí pápá, wọn ò sì ní í kí i mọ́. Kì í ṣe pákó."

"Tó bá jẹ́ pákó ni, a ti ṣe tán báyìí."

"Kì í ṣe pákó, mo ní. Ìwọ káfíńtà yìí, bó o bá fẹ́ kí n ta nǹkan fún ẹ, wàá sọ ohun tó wà nínú ẹ. Ta lo fẹ́ lọ bá ju àwo ní Sátidé?"

Káfíńtà ká sáńpépà rẹ̀ padà sápò. Ó mí kanlẹ̀.

"Bàbá ọmọ ni, mà."

"Bàbá ọmọ wo?"

"Ọmọ tí mo fẹ́ fẹ́. Bàbá ní kí n wá bá àwọn ju àwo ní Sátidé, pé lẹ́yìn náà ni àwọn máa sọ̀rọ̀."

"Ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn tó báyìí? Lọ nà án. Ra èyí tó yára, kó o nà án láàárọ̀ kùtù, kó fún ẹ lọ́mọ ẹ̀ kí òòrùn tó mú."

"Ẹni tó wá ṣáájú mi nà wọ́n, mà. Ó nà wọ́n débi pé àwọn tó ń kọjá lọ dúró wòran. Kí wọ́n tó jókòó sídìí tábìlì, bàbá ti bá a gbé bàtà ẹ̀ síta. Ọmọ náà ló sọ fún mi. Ó ní bàbá òun ò lè fara dà á kí wọ́n na àwọn."

"Jẹ́ kó nà ẹ́ nígbà náà."

"Ẹni tó wá ṣáájú ìyẹn náà jẹ́ kí wọ́n na òun. Iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀ ni gbogbo àwo ẹ̀ ń já sí. Bàbá ní àwọn ò lè fún ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ rọ̀ tó báyẹn lọ́mọ, pé tí ilé bá ń jó, kí ló máa fi gbé e jáde?"

"Ilé ń jó kẹ̀? Kí ló gbé iná wọ ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó?"

"Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, mà. Ṣé ẹ wá rí ibi tí mo wà? Mo gbọ́dọ̀ pàdánù, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ pàdánù bí ọkùnrin."

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù gbé àwo aláwọ̀ ewé sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ti ń rí nǹkan tó dára nínú ọ̀rọ̀ yìí.

"Kí ló dé tó ò kàn ní mọ̀ọ́mọ̀ jù ú dànù díẹ̀?"

"Ojú mi ò lè parọ́, mà. Tí mo bá ń dọ́gbọ́n, ẹ̀rín máa ń pa mí. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, èmi nìkan ni wọ́n máa ń mú. Àfi kí àwo fúnra ẹ̀ bá mi pa irọ́ náà, kí èmi kàn máa wò ó bí ẹni tó yà lẹ́nu."

"O fẹ́ràn ọmọ yìí."

"Mo fẹ́ràn ẹ̀, mà. Tó bá ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá kejì, mi kì í rántí ìwọ̀n pákó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n. Mo ti gé àga kan lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀. Àga ìtìsẹ̀ ló padà dà."

"Ìyá ọmọ ńkọ́? Kí ni òun wí?"

Ara káfíńtà yá gágá. Ó tún jókòó dáadáa.

"Tìyá ò le rárá. Ìyá wà lẹ́yìn mi. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù kíṣìnnì fún wọn, ọ̀fẹ́ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e kọ́, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

"Wọn ò sọ nǹkan kan?"

"Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, mà. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí iṣẹ́ tó dáa ṣe máa ń pa èèyàn lẹ́nu mọ́. Tí bàbá bá ń ju àwo, abẹ́ igi ni ìyá máa ń jókòó sí, àwọn ló ń bá wọn gbé omi. Kò sí tiwọn nínú ẹ̀."

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù lọ sídìí ògiri. Ó gun àpótí kan, ó sọ àwo méjì kalẹ̀ láti orí ògiri, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ.

"Gbọ́ mi dáadáa. Ohun tó o fẹ́ kì í ṣe àwo tó gbó. Èyí tó gbó á yà sọ́tùn-ún, ó lè wọ igbó, wàá wá di ẹni yẹ̀yẹ́. Alágídí díẹ̀ lo nílò."

"Alágídí tún kẹ̀, mà? Bàbá ọmọ nìkan tó mi."

"Àwo alágídí. Èyí tó jẹ́ pé bó o bá jù ú títí, ibi tó fẹ́ lọ níparí ló máa lọ, òsì sì ni ibẹ̀. Wo àwọn méjì yìí. Mọ́ọ̀dù kan náà ló bí wọn, ìbejì ni wọ́n. Fọwọ́ pa orí wọn."

"Eléyìí tẹ́. Eléyìí yọ bí ìdérí ìkòkò."

"Ike ló fà á. Bí ike kọ̀ọ̀kan ṣe ń sún kì nígbà tó bá ń tutù yàtọ̀ síra. Eléyìí tutù, orí ẹ̀ tẹ́, etí ẹ̀ gbéra sókè díẹ̀, agídí wọ̀ ọ́. Èkejì ẹ̀ tutù, orí ẹ̀ yọ, afẹ́fẹ́ ń gbé e, kì í fẹ́ balẹ̀. Ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé bákan náà ni wọ́n."

"Ẹn-hẹ́n, mo ti wá gbọ́ báyìí. Bíi pákó tútù ni, mà. Tí èèyàn bá fi pákó tútù kan ilẹ̀kùn, lọ́jọ́ tó gbé e kọ́ á tọ́ gbọnrangandan. Tó bá wá gbẹ tán, á lọ́."

"O ti ṣe irú ẹ̀ rí?"

"Èmi? Ká má rí i, mà." Ó ronú. "Àfi bóyá ẹ̀ẹ̀kan."

"Dìde, ká lọ jù wọ́n wò."

Wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde. Agbọ̀n onírin kan wà ní ìparí àgbàlá, tánkì omi wà lápá òsì rẹ̀, okùn ìsáṣọ wà lápá ọ̀tún. Káfíńtà mú èyí tí orí rẹ̀ yọ, ó jù ú. Àwo náà gòkè, ó léfòó, ó dà bíi pé kò fẹ́ padà wálé mọ́. Lẹ́yìn náà ẹ̀wọ̀n dún gbàràmù.

"Ó wọlé."

"Mo rí i, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Ta ni kò ní bínú? Mo ti rí àwọn tó fi odidi ọdún kọ́ ohun tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe yẹn."

"Ẹ kúkú rí bó ṣe máa rí ní Sátidé nìyẹn. Ẹ̀wọ̀n á dún, bàbá á lọ gbé bàtà mi."

"Mú alágídí."

Káfíńtà jù ú. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi yà sósì fìrì, ó sì forí sọ tánkì omi. Ajá kan ládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbó.

"Ìyẹn ti pọ̀ jù, mà. Bàbá á rò pé mò ń sá fún àwọn ni."

"Torí pé tuntun ni. Agídí ẹ̀ ò tíì rọ̀. Dúró." Ó wọlé, ó sì mú òmíràn jáde, aláwọ̀ ọsàn, tí etí rẹ̀ ti họra díẹ̀. "Mọ́ọ̀dù kan náà, ike líle kan náà, àmọ́ mo ti lò ó díẹ̀. Ike líle kì í tètè gbó, ó kàn máa ń fara balẹ̀ ni. Jù ú bí èèyàn, má ṣe é lágbára jù."

Ó jù ú. Àwo náà lọ tààrà, ó lọ tààrà, ó dojú kọ agbọ̀n bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè. Káfíńtà ti ń di ojú rẹ̀. Nígbà tó ku bí ìnà ọwọ́ kan, àwo náà yà sósì jẹ́jẹ́, ó sì jókòó sínú koríko lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n.

Káfíńtà sáré lọ gbé e. Ó fi aṣọ rẹ̀ nù ún.

"Òun nìyí, mà. Òun gan-an. Ẹ wo bó ṣe pàdánù tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Bàbá á dì mọ́ mi, wọ́n á ní, 'Ọ̀dọ́mọkùnrin, ó kù díẹ̀.'"

"Ọ̀dọ́mọkùnrin?"

"Bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin nìyẹn, mà, títí kan àwọn tó dàgbà jù wọ́n lọ."

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù dúró gbagidi.

"Mo ti ń fura tẹ́lẹ̀. Bàbá yìí, ṣé ó ga?"

"Wọ́n ga, mà. Panápaná ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Tí ẹ bá kí wọn, wọ́n á kọ́kọ́ fi ìka sẹ́nu, wọ́n á nà án sókè, wọ́n á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, kí wọ́n tó dá yín lóhùn."

Ikọ́ gbé obìnrin náà. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀, àmọ́ ikọ́ kọ́ ló ń ṣe é.

"Ẹ mọ̀ wọ́n, mà?"

"Èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ oníbàárà kan fún oníbàárà mìíràn. Bí mo ṣe ń ṣe ọjà mi nìyẹn, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kí n pẹ́ nídìí ẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Ayé mi ló wà lọ́wọ́ yín yìí."

"Mo ní mi kì í sọ ọ́." Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó yíjú sí ògiri àgbàlá, ó kẹ́yìn sí káfíńtà. "Àmọ́ tí mo bá ń bá ògiri mi sọ̀rọ̀, tí ẹnì kan wá dúró lẹ́yìn mi, mi ò rí i. Ògiri, ẹ̀yin náà wà níbí lánàá."

Káfíńtà rọra súnmọ́ ọn.

"Ọkùnrin gíga kan wọlé wá, ògiri. Ó ti wo afẹ́fẹ́ tán kó tó kí mi. Ó ní kí n fún òun ní àwo tó máa lọ dáadáa, tó máa wá yà sósì nígbà tó bá ku díẹ̀. Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ní káfíńtà kan ń bọ̀ ní Sátidé, òun fẹ́ràn ọmọkùnrin náà gan-an, òun sì fẹ́ kó na òun."

"Ògiri," ni káfíńtà wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi wọ́n ìdí tí bàbá fi fẹ́ kí n na àwọn."

"Ó ní ìyàwó òun ti kìlọ̀ fún òun, ògiri. Pé tí òun bá tún gbé bàtà ẹnikẹ́ni síta, kí òun wọ ti òun náà, kí àwọn méjèèjì jọ máa lọ. Mo wá ta èkejì àwo aláwọ̀ ọsàn yìí fún un. Mọ́ọ̀dù kan náà, ike kan náà, ọwọ́ mi kan náà ló lò wọ́n."

Káfíńtà wo àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo agbọ̀n. Ó wo koríko tó wà lápá òsì.

"Mà, ìyẹn ni pé ní Sátidé, èmi á jù, á yà sósì. Bàbá á jù, á yà sósì."

"Ẹ̀ẹ́ jọ máa pàdé nínú koríko."

"Bàbá á rò pé mò ń fi àwọn ṣẹ̀sín. Èmi náà á máa bẹ̀bẹ̀, bàbá á máa bẹ̀bẹ̀, ta ló wá máa borí?"

"Ìbéèrè tó dáa nìyẹn."

"Ó ti yí padà, mà. Mo gbọ́dọ̀ nà wọ́n. Ẹ gba eléyìí, ẹ gbé èyí tó ń lọ tààrà jù wá fún mi."

"Ó ti tán. Mo sọ fún ẹ, obìnrin kan ti mú un láàárọ̀."

"Ẹ sọ ilé wọn fún mi, mà. Mo máa lọ bẹ̀ wọ́n. Mo máa kan tábìlì fún wọn."

Ìyá oníṣọ́ọ̀bù tún yíjú sí ògiri, ibi tó ti ń ṣòwò rẹ̀ lónìí.

"Ògiri, obìnrin àárọ̀ yìí, agbẹ̀bí ni. Ó wọ aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ wá. Ó ní òun rí àwo aláwọ̀ ọsàn kan nínú báàgì ọkọ òun, òun sì jù ú wò lẹ́yìnkùlé àwọn, òun ti mọ ohun tí ọkùnrin náà ń gbèrò. Ó ní láti ọjọ́ yìí wá òun ń gbé omi kiri, òun ń jókòó sábẹ́ igi bíi báàgì. Ní Sátidé òun náà máa jù. Ẹni tó bá borí láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa sọ bóyá káfíńtà á fẹ́ ọmọ tàbí kò ní fẹ́ ẹ."

"Ìyá ni?" Káfíńtà fẹ̀yìn ti tánkì omi. Ẹ̀rín gba gbogbo ojú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó ti wọlé. "Ìyá ni wọ́n máa borí. Ó ti parí, mà. Ẹ ò rántí ohun tí mo sọ fún yín? Ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù. Wọn ò tíì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nípa ẹ̀."

"Fún ìwọ ni kò tíì sọ ọ́."

"Wọ́n sọ ọ́ fún yín, mà?"

"Ògiri ni kó o bi."

"Ògiri, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ?"

"Ó ní tí èèyàn bá ń pa á dé, á máa bọ̀ wálé dáadáa, á máa bọ̀ tààrà, èèyàn á ti rò pé ó ti dé. Nígbà tó bá wá ku díẹ̀, á yà sósì."

Káfíńtà gbé àwo aláwọ̀ ọsàn sókè, ó wò ó, ó tún rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

"Mà, ohun tí mo wá rà gan-an nìyẹn."

"O ò nílò láti rà á mọ́. O ti fọwọ́ ara ẹ ṣe ọ̀kan, ó ń fì ní kíṣìnnì wọn. Mú sáńpépà yẹn jáde, ibẹ̀ ni wọ́n ti gbà ẹ́ láyè láti fá a."